Àwòrán Ìhòòhò Lórí Fóònù: Òfin Wà Ńbẹ̀ O

Ẹ̀yin ìyá ọjà, púpọ̀ nínú wa ló kọ nọ́ńbà fóònù sára ìsọ̀ kí oníbàárà lè pè wá. Àmọ́ àwọn aláìnítìjú kan ń fi nọ́ńbà yìí fi àwòrán ìhòòhò wọn ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè. Ìtìjú kì í jẹ́ ká sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà wá kí baálé má lọ rò pé àwa la fà á.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 kì í ṣe ti àwọn ọmọ Yahoo nìkan. Ó ka fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Abala 24 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi àwòrán ìṣekúṣe ránṣẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2024, àmọ́ ti àwòrán ìṣekúṣe ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni ká ṣe? Ẹ má pa á rẹ́, bó ti wù kó rí yín lára tó. Nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago tó wọlé ni ẹ̀rí wa. Ẹ má sì fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn, ì báà ṣe láti fi ṣe yẹ̀yẹ́: òfin kan náà lè mú yín. Ẹ fi han ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán nínú ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ jọ lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló yẹ kó tijú, kì í ṣe àwa. Ajé á wọ igbá wa o.