ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ: Ọ̀RỌ̀-ÌṢE "SUM" NÍNÚ ÈDÈ LÁTÌN

Látìn ni èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Nípa ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ẹ̀kọ́ Látìn àti Gíríìkì wà lára àwọn ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Àkọmọ̀nà King's College ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1909, sì ni Spero lucem, èyí tí ó túmọ̀ sí "Mo ń retí ìmọ́lẹ̀." Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, spero, ni ó dúró fún "mo ń retí."

Spero jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń tẹ̀lé òfin. A ń wí pé spero, speras, sperat: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀, ìparí rẹ̀ ni ó ń fi ẹni tí ń ṣe nǹkan hàn. Sum kò rí bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ó ṣe ń yí padà, láti orí èmi, ìwọ àti òun, dé orí àwa, ẹ̀yin àti àwọn:

Ìsinsìnyí: sum, es, est, sumus, estis, sunt.
Àtẹ̀yìnwá: eram, eras, erat, eramus, eratis, erant.
Ọjọ́ iwájú: ero, eris, erit, erimus, eritis, erunt.
Èyí tí ó ti parí: fui, fuisti, fuit, fuimus, fuistis, fuerunt.

Ohun tí ó fà á tí fui kò fi jọ sum ni pé gbòǹgbò méjì àtijọ́, es àti fu, ni ó para pọ̀ di ọ̀rọ̀-ìṣe yìí.

Ṣùgbọ́n ibi ìtumọ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yọ̀. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(a) Magister sum: Olùkọ́ ni mí.
(b) Pater meus agricola erat: Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà.
(d) Officina in oppido Igbesa est: Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ìlú Ìgbẹ̀sà.
(e) Arbor alta est: Igi náà ga.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ti Látìn, ṣùgbọ́n "ni," "jẹ́" àti "wà" ni Yorùbá lò fún un. Ní (e), kò tilẹ̀ lo ọ̀kankan, nítorí pé "ga" fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí ó bá kọ "Igi náà jẹ́ gíga" ti fi ìlànà èdè mìíràn kọ Yorùbá, yóò sì pàdánù máàkì.

Bí a bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀, non nìkan ni Látìn ń fi kún un: non sum, non est. Ní tiwa, "wà" yóò di "kò sí," "olùkọ́ ni mí" yóò di "èmi kì í ṣe olùkọ́," "ga" yóò sì di "kò ga."

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ há sum sórí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ẹ bá ń ka Látìn, ẹ bi ara yín pé: ta ni, ìgbà wo sì ni? Bí ẹ bá wá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹ béèrè pé: ṣé irú ẹni tàbí ohun tí ó jẹ́ ni a ń sọ, ṣé ibi tí ó wà ni, àbí bí ó ti rí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni yóò sọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹ lò.