Ooru Dé: Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣọ́ Iná Lò

Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ooru ti gbòde. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Owó rẹ̀ ni ó fi rà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó iná àwọn ará Báńdì A ti fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024 (wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà), ẹni tí ó bá ń fi iná ṣòfò, owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ó ń sun. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí à ń wí.

Àwọn kan a yí ẹ̀rọ sí 16, wọ́n rò pé yàrá yóò tètè tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iná ni yóò kàn máa jẹ pẹ́. 24 tàbí 25 tó. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fa kọ́tìnì bo fèrèsé ìwọ̀-oòrùn lọ́sàn-án, kí ẹ sì fọ asẹ́ inú ẹ̀rọ náà. Bí òru bá tutù, ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé tí ó ní nẹ́ẹ̀tì.