Vestibular schwannoma

Vestibular schwannoma, tí a tún ń pè ní acoustic neuroma, jẹ́ kókó tí ó máa ń hù sára iṣan kẹjọ tí ó so etí mọ́ ọpọlọ. Iṣan yìí ni ó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn lè rìn láì fì. Kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyè tí ó ń hù sí há; bí ó bá tóbi jù, ó lè tẹ ọpọlọ, kí ó sì di ewu fún ẹ̀mí.

Okùnfà

Sẹ́ẹ̀lì Schwann, tí ó bo iṣan bí èèpo ṣe ń bo igi, ni kókó yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, etí kan ṣoṣo ni ó ń kàn, kì í sì í ṣe àjogúnbá. Bí ó bá kan etí méjèèjì, ó sábà máa ń jẹ́ àmì àìsàn tí àbùkù jíìnì NF2 lórí krómósómù 22 ń fà.

Àmì àìsàn

Àmì tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí etí kan máa di díẹ̀díẹ̀. Ariwo lè máa dún nínú etí náà, òòyì sì lè máa kọ́ aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ogbó ló dé, bẹ́ẹ̀ ogbó sábà máa ń mú etí méjèèjì bákan náà.

Àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ni ó máa ń ṣáájú. Bí agbára etí méjèèjì bá yàtọ̀ láìnídìí, a ó fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí. Gadolinium tí a fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kí kókó tí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ hàn kedere.

Ìtọ́jú

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Bí kókó bá kéré, dókítà lè máa ṣọ́ ọ pẹ̀lú MRI lóòrèkóòrè, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dàgbà. Ìtànṣán Gamma Knife, tí Lars Leksell ará Swídìn dá sílẹ̀, máa ń dá ìdàgbà rẹ̀ dúró láìla orí. Iṣẹ́ abẹ ni a sábà máa ń lò fún kókó ńlá.

Iṣan keje, tí ó ń darí ìṣesí ojú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó náà gan-an. Bí abẹ bá bà á jẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú kan á rọ, ìpéǹpéjú kò sì ní lè pàdé. Nítorí náà, oníṣẹ́ abẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwọ̀nba kókó sílẹ̀ láti dáàbò bo iṣan yìí.

Ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ni ó ń kú sẹ́nu iṣẹ́ abẹ yìí. Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó dín ikú náà kù. Ó tẹ ìwé jáde lórí àìsàn yìí ní ọdún 1917.