Ṣé O Mọ̀? Àpótí Tí Oníṣòwò Jàpáànì Fi Ń Sá fún Olè, Omi àti Iná

Tansu ni àwọn ará Jàpáànì ń pe àpótí onígi tí ó ní dúrọ́ọ̀. Wo tansu oníṣòwò àtijọ́ dáadáa, wàá mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù.

Ṣé o mọ̀ pé láyé Edo (1603 sí 1868), oníṣòwò ló kéré jù nínú ipò mẹ́rin tí wọ́n pín ará ìlú sí? Jagunjagun ló ṣíwájú, àgbẹ̀ tẹ̀lé e, oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ìkẹta. Síbẹ̀, ọwọ́ oníṣòwò lowó wà, owó sì ń fẹ́ ìpamọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ihò tóóró wà lórí zenibako, àpótí owó wọn? Owó ẹyọ á wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ kò ní jáde láìsí kọ́kọ́rọ́.

Ṣé o mọ̀ pé chōba-dansu ni ilé ìwé ìṣirò? Igi keyaki tó le, tó sì rẹwà, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe iwájú tí oníbàárà ń wò. Igi tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò lẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé àpótí kan wà fún ojú òkun? Funa-dansu ni. Inú rẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ ń kó owó, èdìdì àti ìwé àdéhùn sí. Irin ló bo ìta rẹ̀, igi kiri fífúyẹ́ ló wà nínú. Bí omi bá kan kiri, á wú, á sì dí gbogbo àlàfo pinpin. Wọ́n ṣe é kí ó lè léfòó bí ọkọ̀ bá rì. Àwọn kan tún ní àpótí kékeré tó fara pa mọ́ sínú wọn: bí olè bá ṣí èyí, kò ní rí tọ̀ún.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tansu kan ní táyà onígi? Kuruma-dansu ni wọ́n ń jẹ́, kí a lè tì wọ́n jáde bí iná bá sọ. Ní 1657, iná ńlá jó ìlú Edo, tí a ń pè ní Tokyo lónìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti àpótí síta, àpótí dí ojú títì, ọ̀pọ̀ kò sì rọ́nà sá. Ní 1683, ìjọba fòfin de àpótí onítáyà ní Edo, Osaka àti Kyoto.

Ṣé o mọ̀ pé títí dòní, “sao”, ìyẹn ọ̀pá, ni wọ́n fi ń ka tansu? Láyé àtijọ́, ọ̀pá ni wọ́n ń kì bọ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí èèyàn méjì á sì gbé e lé èjìká. Bí wọ́n ṣe ń gbé e nígbà náà ni wọ́n ṣe ń kà á.