Àrokò Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ìránṣẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Jíìnì ni ìwé àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé. RNA ni ó ń da ìwé náà kọ, tí ó ń gbé e lọ síbi tí a ti ń ṣe purotéènì, èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ ara. Ṣùgbọ́n àwọn RNA gígùn kan wà tí a kì í fi ṣe purotéènì kankan. Àrokò ni èmi ń fi wọ́n wé: kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ ẹni tí ó bá tẹ̀ lọ́wọ́ mọ ohun tí ó kàn.

Èyí tí ó lókìkí jù ni XIST, tí a rí ní 1991, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí lẹ́tà 17,000. Kúrómósómù X méjì ni obìnrin ní; ẹyọ kan ni ti ọkùnrin. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ abo èkúté tí a ń tọ́jú nínú ìgò, X méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti ń múra àtidi ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ, XIST a jáde láti ara X kan, a bo X yẹn látòkè délẹ̀, a sì pa á lẹ́nu mọ́. Èwo ni yóò dákẹ́, ti bàbá ni tàbí ti ìyá? Bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó bá sì ti ara rẹ̀ jáde kò ní yí ìpinnu náà padà.

Ìbàdàn ti rí àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí kí a tó mọ XIST rárá. Lórí X ni jíìnì G6PD wà, èyí tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Ó ní àbùkù lára nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 láàrin Yorùbá. Obìnrin tí X rẹ̀ kan pé, tí èkejì lábùkù, oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì ni ó ń ṣàn nínú iṣan kan náà. Ní 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy yẹ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà ń ṣe wò. Kòkòrò ibà inú sẹ́ẹ̀lì pípé fi ìlọ́po 2 sí ìlọ́po 80 ju ti inú sẹ́ẹ̀lì alábùkù lọ. Ara kan náà, oúnjẹ kan náà, ẹ̀fọn kan náà: ta ni yóò jiyàn? Lójú tèmi, ìwádìí tí ó gún régé ju èyí lọ ṣọ̀wọ́n.

Ààbò yẹn ní owó orí tirẹ̀. Kánfọ̀ roboto tí à ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, ní Magodo bí i ní Kétu, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ alábùkù, kí ibà pọ́njú sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan ń sọ pé ọmọkùnrin nìkan ni ó kàn. Bí XIST bá ti pa X pípé lẹ́nu mọ́ nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọbìnrin, ewu tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti arákùnrin rẹ̀ dọ́gba.