Ta ló ni ojú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín?

Fóònù tuntun kì í bá ẹni délé lófìfo mọ́. Kí ẹni tó rà á ní Queen Cinema tàbí Ìwó Road n'Ìbàdàn tó ki SIM bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ ti kún fọ́fọ́: áàpù orin, áàpù géèmù, áàpù ìròyìn, áàpù owó, búráúsà méjì, àti ibòmíì tí wọ́n ti ń gba áàpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Play Store. Bí ẹni tó ni fóònù bá tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ pé kóun yọ ọ́ dànù, ó lè rí i pé kò ṣeé yọ, àfi kó dá a dúró. Ní Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn kan náà, láti abẹ́ bíríìjì títí dé ọ̀nà Ṣáṣá, lẹ́yìn "ojú ẹ̀ ti fọ́", ọ̀rọ̀ tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń gbé fóònù wá fún àwọn ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe ni: "Bá mi yọ nǹkan yìí kúrò jọ̀ọ́, mi ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀."

Ẹni tó gbé e síbẹ̀ wà o, owó ló sì sábà máa ń fi gbé e síbẹ̀.

Àwọn àwòrán pélébé tí à ń fọwọ́ tẹ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1981 ni ilé-iṣẹ́ Xerox gbé kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Star jáde, tí wọ́n ya fáìlì, fódà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí ojú rẹ̀. Ọdún 1984 ni Macintosh dé pẹ̀lú àwọn àwòrán tí Susan Kare fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Nígbà tí iPhone jáde lọ́dún 2007, áàpù ìwọ̀nba ló wà lójú rẹ̀, Apple ló sì yan gbogbo wọn. Ní oṣù Keje 2008 ni wọ́n ṣí App Store, ni áàpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, ojú ewé kan di méjì, méjì di márùn-ún.

Android tó jáde lọ́dún 2008 gba ọ̀nà mìíràn. Ó gbà kí èèyàn pààrọ̀ gbogbo ojú fóònù pátápátá. Áàpù tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní launcher. Òmìnira yìí dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan rí ààyè fi tiwọn bo ojú Android. Ti Tecno ni HiOS, ti Infinix ni XOS. Apple ní tirẹ̀ di ẹrù rẹ̀ mú gírígírí: àfi ìgbà tí iOS 18 jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ẹni tó ní iPhone tó lè fi àlàfo sílẹ̀ sí ibi tó wù ú láàárín àwọn áàpù rẹ̀. Ọdún 17 gbáko, lórí fóònù tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀!

Ẹni tó bá ti gba ṣọ́ọ̀bù rí ní Ọ̀jọ́ọ̀ mọ̀ pé owó ojú títì kọ́ ni wọ́n ń gba lórí ti ẹ̀yìnkùlé. Bí ọ̀rọ̀ ojú fóònù ṣe rí gan-an nìyẹn. Nínú ìdájọ́ tí Adájọ́ Amit Mehta gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ 2024, ó hàn gbangba pé lọ́dún 2021 nìkan, Google san bílíọ̀nù 26.3 dọ́là fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, búráúsà àti àwọn mìíràn, kí Google lè jẹ́ ohun tí ọwọ́ èèyàn kọ́kọ́ bá nígbà tó bá fẹ́ wá nǹkan. Kò sẹ́ni tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ibi tí èèyàn kì í wò.

Nílé wa níbí, Transsion ni kẹ́ ẹ wò. Ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìlú Shenzhen ní Ṣáínà ni ibùjókòó rẹ̀ wà, òun ló sì ni Tecno, Infinix àti itel, àwọn orúkọ tí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀. Nígbà tí áàpù owó PalmPay wọ Nàìjíríà ní oṣù Kọkànlá 2019 pẹ̀lú mílíọ̀nù 40 dọ́là, Transsion ló ṣáájú àwọn tó dá owó náà, wọ́n sì kéde pé áàpù náà yóò ti wà nínú mílíọ̀nù 20 fóònù lọ́dún 2020 kí wọ́n tó tà wọ́n. Mi ò pe èyí ní olè jíjà. Èrè orí fóònù olówó pọ́ọ́kú kò tó nǹkan, ibi tí ilé-iṣẹ́ bá sì ti rí owó mìíràn, wọ́n á gbà á. Bóyá fóònù náà ì bá wọ́n jù báyìí lọ ká ní wọn ò rí i gbà. Nígbà tí owó náírà dàwátì ní oṣù Kejì 2023, tí èèyàn ń sùn sí ẹ̀yìn ATM, OPay àti PalmPay ni ọ̀pọ̀ èèyàn sáré sá di. Ẹni tó bá ti ní áàpù bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ kò ráhùn lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé àwọn tó gba ààyè yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ń gba update, wọ́n ń ránṣẹ́ ìpolówó wá sókè fóònù, dátà tí ẹ fi owó yín rà ni wọ́n sì ń fi ṣe é. Láti oṣù Kìíní 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ẹjọ́ yìí ti le sí i. Ó sì ní èyí tó burú jùyẹn lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2020, ilé-iṣẹ́ Upstream àti BuzzFeed News gbé ìròyìn jáde pé àwọn fóònù Tecno W2 kan tí wọ́n tà ní Ghana, Ẹtiópíà, Kamẹrúùnù àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní kòkòrò tó ń jẹ́ Triada àti xHelper nínú, tó ń fi orúkọ ẹni tó ni fóònù sílẹ̀ fún ohun tí kò béèrè, tó sì ń jẹ dátà àti owó ìpè rẹ̀. Transsion ní alágbàṣe kan tó bá àwọn da iṣẹ́ pọ̀ ló kó o wọlé láìsọ fún àwọn, àti pé àwọn ò jèrè kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ọwọ́, nítorí níbẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ àwọn èèyàn jù. Ẹ wo obìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn níbi tí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń kó èrò. Ó fi ọwọ́ òsì di owó mú, àtàǹpàkò ọ̀tún ló fi ń wá áàpù báǹkì, kó lè mọ̀ bóyá tíráńsífà oníbàárà ti wọlé. Oníbàárà ń kánjú, awakọ̀ ń fun fèrè. Àná, apá ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ ni áàpù náà wà. Update wọlé lóru, fódà kan tó kún fún géèmù tí kò mọ̀ rí ti gba ibẹ̀, báǹkì ti bọ́ sí ojú ewé kẹta. Ó tẹ ibi tó máa ń tẹ̀, ni ìpolówó bá ṣí gbàgà. "Aúńtí, ẹ ṣe kíá, ọkọ̀ fẹ́ lọ!"

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i yìí tipẹ́. Lọ́dún 1954, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Paul Fitts, fi hàn pé bí ohun tí a fẹ́ fọwọ́ kàn bá ṣe jìnnà tó, tó sì kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ọwọ́ tó bà á. Google náà ń sọ fún àwọn tó ń ṣe áàpù pé kí ibi ìtẹ̀ má kéré sí nǹkan bíi mílímítà 9. Lọ́dún 2013, Steven Hoober ṣọ́ èèyàn 1,333 lójú pópó, nínú ọkọ̀ àti níbòmíì, ó sì rí i pé ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń fọwọ́ tẹ fóònù ló ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo lò ó. Fóònù ti wá fẹ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Ọ̀pọ̀ àtàǹpàkò kò lè dé igun òkè lápá kejì àfi kéèyàn yí fóònù lọ́wọ́, ìyẹn lójú títì tí ọlọ́kadà ti ń já fóònù gbà.

Ọwọ́ tún ní ìrántí tirẹ̀. Àtàǹpàkò tó ti tẹ ibì kan lójoojúmọ́ kì í dúró béèrè ọ̀nà mọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà dáadáa tún wá gbára lé àwọ̀: aláwọ̀ ewé ni WhatsApp, aláwọ̀ búlúù ni Facebook, ó parí. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí ọ̀pọ̀ èèyàn ní oṣù Kẹwàá 2020 nígbà tí Google fi àwọ̀ mẹ́rin kan náà kun Gmail, Drive, Calendar àti Meet, tí gbogbo wọn wá jọra wọn bí ìbejì. Ní oṣù Keje 2023 sì rèé, ẹyẹ búlúù Twitter pòórá mọ́ àwọn èèyàn lójú, X dúdú ló gba ipò rẹ̀.

Lójú tèmi, ibí yìí ló yẹ kí àwọn tó ń ṣe fóònù ti wá wo bí àwọn kóòdù báǹkì ṣe lágbára tó lọ́wọ́ àwọn ará wa. *737#, *894#, *901#, *966#: kò sí àwòrán, kò sí ẹwà, wọ́n sì máa ń já mọ́ni lọ́wọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Láti oṣù Kẹfà 2025, inú owó ìpè ni wọ́n ti ń yọ ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń tẹ̀ wọ́n, títí kan àwọn tó ní fóònù ńlá lọ́wọ́. Kóòdù kì í ṣí kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí NCC sọ ti gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì di ọ̀kan láti ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2023, tó fi jẹ́ pé *310# ni gbogbo èèyàn fi ń wo owó tó kù lórí fóònù, MTN ni o, Glo ni o.

Kí wá ni àwọn èèyàn ń fẹ́ lójú fóònù wọn? Ìdáhùn kì í ṣe ohun ìyanu. Wọ́n fẹ́ kí nǹkan wà níbi tí àwọn fi í sí. Wọ́n fẹ́ kí iye dátà tó kù lórí SIM méjèèjì máa hàn lójú fóònù láìtẹ kóòdù. Àwọn àgbà fẹ́ kí ohun tó wà lójú rẹ̀ tóbi, kí ó sì mọ níwọ̀nba. Ọ̀pọ̀ sì fẹ́ kí fóònù gbọ́ Yorùbá. Ti Yorùbá yìí ti ń rìn díẹ̀díẹ̀: Google Translate gba èdè wa wọlé ní oṣù Kejìlá 2013, a sì lè fi Gboard tẹ àmì ohùn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹni tó bá yan Yorùbá nínú Settings yóò ṣì bá Gẹ̀ẹ́sì níbi tó pọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ó ká wa lára ní Ọ̀jọ́ọ̀. Kò jìnnà sí oríta ibẹ̀ ni IITA wà, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ wà lára àwọn tó bá Yunifásítì Penn State ṣe Nuru, áàpù tí àgbẹ̀ lè na kámẹ́rà rẹ̀ sí ewé ẹ̀gẹ́ kó sì sọ àrùn tó ń ṣe é, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Mélòó nínú àwọn tó ń kó ẹ̀gẹ́ gba Mọ́níyà wọlé ló ti rí i rí? Nuru kò lówó tí yóò fi ra ojú títì. Géèmù tí ń tú bọ́ọ̀lù ká ní.

Yúróòpù ti fi òfin dá sí ọ̀rọ̀ áàpù tó ń bá fóònù wá. Wọ́n bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 4.34 yúrò lé Google lórí lọ́dún 2018 nítorí bó ṣe ń so áàpù tirẹ̀ mọ́ Android, ilé-ẹjọ́ sì dín in kù díẹ̀ lọ́dún 2022. Láti oṣù Kẹta 2024, òfin wọn tuntun sọ pé kí Apple àti Google jẹ́ kí èèyàn yọ ọ̀pọ̀ áàpù tó bá fóònù wá. Fóònù tí wọ́n tà ní Ọ̀jọ́ọ̀ kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

Nítorí náà, ọwọ́ ara ẹni la ó fi tún ìwà fóònù ṣe. Ẹ tẹ àlàfo kan lójú fóònù mọ́lẹ̀ títí tí Home settings yóò fi jáde. Bí ẹ bá rí "Add app icons to home screen" níbẹ̀, ẹ pa á, áàpù tuntun kò ní máa fò síwájú mọ́. Èyí tí kò bá ṣeé yọ, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ yan Disable. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ launcher lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó ṣọ́ra: Nova, tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn jù, bọ́ sọ́wọ́ Branch lọ́dún 2022, ilé-iṣẹ́ tí ń tọpa bí èèyàn ṣe ń lo áàpù. Fún bàbá tàbí ìyá tó ń lo Samsung, Easy mode ń sọ gbogbo rẹ̀ di ńlá. Apple náà ní Assistive Access láti 2023. Ẹ fi ìpè, WhatsApp, báǹkì àti tọ́ọ̀ṣì nìkan sí ojú ewé àkọ́kọ́ fún wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá Lock layout nínú Home settings, bí ó bá wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.