Ẹ̀yà Igi Tí Ó Wà Lẹ́nu Ìparun: Igi Wollemi

Nínú ìmọ̀ nípa ewéko, ẹ̀yà ni a ń pe àwọn igi tí wọ́n jọ ara wọn, tí wọ́n sì lè para pọ̀ mú irú ara wọn jáde. Bí ẹ̀yà kan bá kù díẹ̀ kí ó pòórá pátápátá nínú igbó àdáyébá rẹ̀, a ó sọ pé ó wà lẹ́nu ìparun. Igi Wollemi, tí orúkọ Látìn rẹ̀ ń jẹ́ Wollemia nobilis, jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn.

Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ni igi yìí wà, nínú àfonífojì jíjìn kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú Sydney. Ọdún 1994 ni David Noble, òṣìṣẹ́ ọgbà ìjọba, ṣalábàápàdé rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, inú òkúta àtayébáyé nìkan ni àwọn onímọ̀ ti ń rí àmì irú igi bẹ́ẹ̀. Ó lè ga tó mítà 40, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti dàgbà tán nínú igbó kò pé 100.

Ewu mẹ́ta ni ó dojú kọ ọ́. Èkíní ni iná. Ní ìparí ọdún 2019, iná ńlá jó dé àfonífojì náà. Hẹlikọ́pítà ni a fi sọ àwọn panápaná kalẹ̀ láti fi ẹ̀rọ bu omi rin ilẹ̀ ibẹ̀. Iná ba díẹ̀ jẹ́ nínú àwọn igi náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ yè.

Èkejì ni àrùn. Phytophthora cinnamomi jẹ́ kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ilẹ̀ tútù, tí ó sì ń mú kí gbòǹgbò rà. Ní ọdún 2005 ni a rí i lára àwọn igi náà. Ẹrẹ̀ ìdí bàtà lè gbé e wọ inú igbó. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ń pa ibùdó wọn mọ́ ní àṣírí.

Ẹ̀kẹta, tí ó jinlẹ̀ jù, ni àìsí ìyàtọ̀. Igi yìí a máa hù láti ìdí ara rẹ̀, tí ìdí kan yóò fi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi. Nígbà tí a yẹ àbùdá àjogúnbá wọn wò, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kéré jọjọ. Nínú ẹ̀yà tí àbùdá rẹ̀ yàtọ̀ síra, bí àrùn bá pa igi kan, òmíràn lè kojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo wọn ti jọra, ohun tí ó pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ti Wollemi, ogunlọ́gọ̀ igi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹyọ kan.

Láti nǹkan bí ọdún 2006 ni a ti ń tà á fún àwọn ológbà káàkiri ayé. Èyí dára, nítorí kò ní tètè run. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí a gé lára igi ni a fi ń gbin púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀ka a sì máa jogún àbùdá igi tí a ti gé e láìyàtọ̀. Nítorí náà, iye igi nìkan kọ́ ni ààbò ẹ̀yà. Oríṣiríṣi àbùdá tí ó wà nínú rẹ̀ ni.